Èéfín Inú Ìgò Kẹtàdínlógún

Pobè,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, 1966.

Ọ̀rẹ́ mi Gàníyù Ṣóbándé,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta yìí ti di ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ti ń kí ènìyàn fún ọdún márùn-ún. Ṣé ara le? Ṣé Tẹjúmádé aya rẹ ń ṣe dáadáa? Ṣé Ìlaròó bá yín lára mu? Àwa náà wà láàyè níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òjò ọdún yìí pọ̀, àgbàdo sì ti dé títí a fi ń fi ta ara wa lọ́rẹ. Ìròyìn àwọn ológun tí à ń gbọ́ láti ilẹ̀ yín kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Bí lẹ́tà yìí bá bá yín ní àlàáfíà, ìdajì ohun tí mo ń tọrọ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ nìyẹn.

Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe fà á ya nígbà tí o bá rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Kà á dé òpin. Bí o bá kà á tán tí o sì fẹ́ fi dáná, ó tọ́ sí ọ. Ọ̀rọ̀ ìgò kẹtàdínlógún ni mo ń bá bọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, ìwọ kò jẹ̀bi, mo sì fẹ́ sọ fún ọ bí mo ṣe wá mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ilé. Séverin ti kú. Inú ọyẹ́ tó kọjá ni ikọ́ dá a dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Títí di ọ̀sẹ̀ tí ó kú gan-an ni ó ń pariwo bí ìgbà tó ń wa mọ́tò àwọn òyìnbó ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ, tó máa ń fọn fèrè láti ọ̀nà jíjìn kí a lè mọ̀ pé òun ti rí ìgò gbé bọ̀. Ó dárúkọ rẹ nígbà tí mo lọ wò ó. Ó ní, “Ládiípọ̀, àga ẹni yẹn ṣì wà níbẹ̀?” Mo ní ó wà níbẹ̀. 

Mẹ̀sì Élie ti wọ aṣọ funfun. O mọ ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí wọn kì í wọ bàtà tí wọn kì í sì í mu ọtí. Élie tiwa ni o, olùkọ́ ilé ìwé lekọ̀ọ́lì tí gbogbo wa ń pè ní Mẹ̀sì, ẹni tó ń fi imú tọ ọtí bí ajá ọdẹ! Kò jẹ́ fi ẹnu kàn án mọ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn wá, á jókòó sórí àga rẹ̀, á ní kí n gbé ife sún mọ́ òun díẹ̀, pé òórùn kò sí nínú òfin. Ọmọ mi tí o sọ ní Láyọ̀ náà ti di ọmọ ọdún márùn-ún, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi ta ni ẹni tó sọ òun lórúkọ àti ibo ló wà. Mo máa ń ní ó rìnrìn àjò.

Gàníyù, ǹjẹ́ o máa ń rántí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ òmìnira wa lọ́wọ́ Faransé ni, ní oṣù kẹjọ, 1960. Òyìnbó kan ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Faransé, ó fún Séverin ní ààbọ̀ ìgò wisikí tí kò fẹ́ gbé. A jókòó lábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìn ilé mi, àwa mẹ́ta, a ń tọ́ ọ wò, olúkúlùkù sì ń pariwo ohun tó jọ. Ìwọ, tó ń ta kẹrosín àti ìwé lọ́jà, gbé gíláàsì fìtílà wá fún ìyàwó mi. A bu ọtí fún ọ, o rẹ́rìn-ín, o ní, “Kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò rántí ohun tí ẹ sọ?” O fa kàyé pupa kan, ìwé ìkọ̀wé, yọ nínú àpò, èyí tí o fẹ́ lọ tà, o sì jókòó. Bí ẹni tí kì í mu ọtí ṣe di adájọ́ àwọn ọ̀mùtí nìyẹn.

Ìwọ ni o ṣe òfin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀ títí gbogbo wa yóò fi tọ́ ọ wò. Kí olúkúlùkù wá sọ tirẹ̀ sí ọ létí kí o kọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ ẹnìkan má bàa ti ẹnìkejì sí ọ̀nà. Ohun tí a bá ti sọ, kíkọ ni, kódà bí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Èkejì ni pé ọwọ́ rẹ nìkan ni yóò máa kọ nínú kàyé náà, ọwọ́ rẹ nìkan náà ni yóò sì máa pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ọjọ́ tí Séverin fẹ́ ṣe àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ó na ọwọ́ sí bíìkì ìkọ̀wé rẹ, o gbá a lọ́wọ́ bí ọmọdé. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Élie.

Òfin kẹta, èmi ni mo mú un wá. Mo ní a kò gbọdọ̀ tọ́ ọtí òyìnbó kankan wò láìsí ife kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ife sódàbì, ògógóró tí ẹ̀gbọ́n mi Victorine ń sè ní Aguidi. Òṣùwọ̀n wa nìyẹn. Nígbà tí Faransé wà lórí oyè, tí wọ́n fòfin de sódàbì, inú igbó ló ti ń sè é, etí rẹ̀ á sì wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn òmìnira ó gbé àgbá àti páìpù bàbà rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń sè é lójú gbangba. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ohun tó ń jáde nínú ẹmu ọ̀pẹ wa kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Ìgbéraga yìí wà lára ohun tó bà mí jẹ́.

Mo ń rántí ọtí méjì tí ará Amẹ́ríkà tó wá wo ọ̀pẹ fi sílẹ̀ fún Séverin. Èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́bọ̀nù, Séverin ní ó ń rùn bí ìsọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n da oyin sí. Élie ló ka ara ìgò náà, ó ní àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, a sì dìde pàtẹ́wọ́ fún àgbàdo. Èyí kejì, ráì, ọkà ilẹ̀ òtútù kan ni wọ́n fi sè é, ó sì ń ta ni lẹ́nu. Mo sọ sí ọ létí pé atalẹ̀ tó ń bínú ni. O gbójú sókè, o ní, “Báwo ni atalẹ̀ ṣe ń bínú?” Mo ní kí o ṣáà kọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ tiyín náà gba òmìnira ní oṣù kẹwàá, ìwọ lo ra wisikí Sìkọ́tíláǹdì láti Èkó, o gbé e ka iwájú wa, o kò sì gbà kí a dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni o ti ń bá wa wá ìgò kiri ní ọ̀dọ̀ yín, nítorí Faransé kò náání wisikí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe náání rẹ̀. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa kò tilẹ̀ pé ọdún méjì.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá, 1961. O gbé ìgò kẹtàdínlógún dé lórí kẹ̀kẹ́, inú rẹ dùn. O ní ẹni tó tà á fún ọ sọ pé irú èyí tí àwọn ará Sìkọ́tíláǹdì ń fi pamọ́ fún ara wọn ni. O tún sọ fúnra rẹ, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, pé ọ̀nà Igana burú, pé bébà òjé tó bo ẹnu ìgò ti ya nínú ẹrù. Ẹni tó fẹ́ tan ni jẹ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Èyí ni mo yẹ kí n rò nígbà náà, n kò rò ó.

Bí mo ṣe gbé e dé ẹnu, èéfín ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni amọ̀ tí Victorine fi dí ẹnu àgbá rẹ̀ là, tí màrìwò tútù sì ń rú èéfín lábẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ohun tó sè fi ní òórùn èéfín. Lọ́dọ̀ wa, sódàbì tí èéfín bá wọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ẹni tó máa gbé e ka iwájú àlejò. Mo ti mu nínú rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi má bàa kábàámọ̀ púpọ̀. Mo sì ti rí ọ pẹ̀lú ojú mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí o ra ìgò méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí o ka ìwé, tí o ní ẹnìkan sọ pé ẹja yíyan, ẹnìkan sọ pé oògùn dìspánsérì, ẹnìkan sì sọ pé èéfín Victorine, èmi ni mo dìde. Mo bi ọ́ pé ibo ni ìgò méjì ọjọ́ Ìṣẹ́gun wà.

O ní ìyá Tẹjúmádé ni o rà á fún, pé orúnkún ń dùn ún, ó ń rẹ èèpo igi sínú rẹ̀ láti fi pa á. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ lójú. Mo ní, “Ọtí wo ni Mùsùlùmí ń rà fún orúnkún?” Mo ní o ti mu wisikí tà fún ẹlòmíràn, o da sódàbì ẹlẹ́èéfín sínú ìgò rẹ̀, o rò pé a kò ní mọ̀. Séverin gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Élie ń wo ilẹ̀. Ìwọ kò pariwo. O ní, “Ládiípọ̀, mi ò mọ adùn ọtí. Ọwọ́ mi ni mo mọ̀.” O tẹrí ba, o kọ nǹkan sínú kàyé fún ìgbà díẹ̀, o pa á dé, o gbé bíìkì lé e lórí, o dé fìlà rẹ, o sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ jáde.

Ẹyin lohùn, bí ó bá já bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìsọ̀ rẹ ṣáájú rẹ. Wọ́n ní àwọn obìnrin ń ṣí ìgò kẹrosín rẹ gbóòórùn kí wọ́n tó rà á, pé ẹnìkan ní kí o kọ́kọ́ fi lọ́fíńdà tí ò ń tà pa ara rẹ ná, kí òun lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Kò pé oṣù kan tí o fi kó ẹrù, ìwọ àti Tẹjúmádé àti ìyá rẹ̀ tó ń tiro. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdó ọ̀pẹ, mo ń wọn ìdì ẹyìn, nígbà tí ọkọ̀ kàmíọ̀ tó gbé yín kọjá. Mo rí ọ. Mo yí ojú sí orí ìwọ̀n.

Jẹ́ kí n wá sọ bí òtítọ́ ṣe bá mi. Ní oṣù tó kọjá, òyìnbó kan wá láti ibùdó ọ̀pẹ tiyín ní Nàìjíríà láti gba irúgbìn. Ará Sìkọ́tíláǹdì ni. Èmi ni mo mú un yí oko ká. Òjò ká wa mọ́ abẹ́ àtíbàbà ìwọ̀n lọ́sàn-án gangan, aṣọ wa tutù, ó fa ìgò irin pẹlẹbẹ kan yọ nínú àpò, ó bu díẹ̀ fún mi sínú ìdérí rẹ̀. Gàníyù, mo gbé e dé ẹnu. Mo jókòó sórí àpò irúgbìn. Òun gan-an ni. Ẹja yíyan wà níbẹ̀, oògùn dìspánsérì wà níbẹ̀, èéfín wà níbẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń túmọ̀ fún wa. Mo ní kí ó bi í pé ta ló ba ọtí yìí jẹ́. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ní erékùṣù kan lọ́dọ̀ wọn, igi kò pọ̀, ilẹ̀ dúdú ni wọ́n ń gé nínú àbàtà bí ẹni gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi dáná. Lórí èéfín ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń yan ọkà ọtí náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fi èéfín sí i ni! Ó ní àwọn ará ilé òun mìíràn kò lè gbé e mì, pé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì ní mu òmíràn. Mo wo òjò. Mo dá ìdérí náà padà fún un.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Aguidi ní ọjọ́ kejì. N kò sọ fún ọ rí pé lẹ́yìn tí o kúrò lábẹ́ máńgòrò lọ́jọ́ náà, mo gbé ìgò náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, tìbínú-tìbínú, pé òun ló ta ohun tí wọ́n fi tàn wá jẹ. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó lá a. Ó ní, “Èyí kì í ṣe èéfín tèmi. Tèmi, màrìwò ni. Èyí ń rùn bí etí àbàtà tí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó.” Mo ní kí ó má ṣe gbèjà oníbàárà rẹ̀. Ó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun yóò bá mi tọ́jú rẹ̀ títí orí mi yóò fi pé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì, mo sì da méjèèjì nù.

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo ojú mi, ó wọlé, ó sì gbé ìgò jáde láti abẹ́ ibùsùn. Ó kù díẹ̀ kó tó ìlàjì, ó ti fi ìda dí ẹnu rẹ̀. A bu ẹ̀kán díẹ̀ díẹ̀. Èéfín ilẹ̀ ni. Mo sunkún níwájú ẹ̀gbọ́n mi, èmi ọkùnrin tó ti ní irun funfun. Ó jẹ́ kí n sunkún tó, lẹ́yìn náà ó ní, “Ó tó. Ọ̀dọ̀ mi kọ́ lo ti yẹ kí o wá sọ ọ́.”

Nítorí náà mo lọ sí ọjà Pobè ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, èmi àti Élie nínú aṣọ funfun rẹ̀. Claudine aláṣọ ló wà ní ìsọ̀ rẹ nísinsìnyí. A pe olórí ọjà, mo dúró níbẹ̀, mo sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́: pé Gàníyù Ṣóbándé kò pa ọtí kankan dà, pé èmi Ládiípọ̀ ni mo purọ́ mọ́ ọn nítorí mo rò pé ohun tí n kò mọ̀ kò sí láyé. Ìyá arúgbó kan tó ń ta iyọ̀ wò mí, ó ní, “Ọdún márùn-ún! Ẹsẹ̀ rẹ mà wúwo o.” Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pa irọ́ mọ́ ló ń ka àwọn ọjọ́ náà.

Ó ku kàyé. N kò ṣí i láti ọjọ́ tí o gbé bíìkì lé e lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbínú ni kò jẹ́ kí n ṣí i, lẹ́yìn náà ó di ìbẹ̀rù. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ti Aguidi dé, mo ṣí i. O mọ ohun tí o kọ. Lábẹ́ ẹja yíyan, lábẹ́ oògùn dìspánsérì, lábẹ́ èéfín Victorine, o kọ ọ́ pé: “Ládiípọ̀ tún sọ pé Gàníyù ni ó pààrọ̀ ọtí inú ìgò.” O kọ ọ́ nítorí òfin rẹ ni pé ohun tí a bá ti sọ, kíkọ ni. Àwọn lẹ́tà rẹ dúró ṣánṣán bí ìgbà tí o kọ “atalẹ̀ tó ń bínú.” Bí mo bá ti rí ìlà yẹn ní ọjọ́ tí o kọ ọ́, ì bá yé mi pé ẹni tó lè kọ irú rẹ̀ sí ara rẹ̀ kò lè da omi lásán sínú ìgò ẹnikẹ́ni.

Mo ti mú bíìkì láti pa ìlà náà rẹ́, mo tún gbé e sílẹ̀. Òfin ni òfin. Ọwọ́ rẹ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi, irọ́ mi ṣì wà nínú ìwé rẹ, yóò sì wà níbẹ̀ títí ìwọ fi máa wá. Àga rẹ wà lábẹ́ máńgòrò. Èmi kò ní kí o jókòó pẹ́. Wá, kí o fa ìlà kan ṣoṣo, kí o bá mi jà bí o bá fẹ́, kí Láyọ̀ sì rí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Kí Ọlọ́run tí ìwọ ń kí lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ pa ọ́ mọ́ lọ́wọ́ ìdààmú ilẹ̀ yín. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnu ẹlẹ́nu tún lé ọ kúrò níbi tí o bá ti ń jẹun. Kí ọjà Ìlaròó gbè ọ́, kí àwọn ọmọ rẹ má ṣe pàdé irú ọ̀rẹ́ tí mo jẹ́ fún ọ ní ọjọ́ náà. Kí a fojú kan ara wa ní ìgbà tí ojú ṣì ń ríran.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tí ó sì ń wo ọ̀nà rẹ,

Ládiípọ̀.

Mo tún rántí: Ìgò méjì wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó gbé lẹ́tà yìí wá. Victorine ló fi wọ́n ránṣẹ́, sódàbì tuntun ni, kò sí èéfín nínú rẹ̀. Ó ní kí n bi ọ́ pé báwo ni orúnkún ìyá Tẹjúmádé. Ó ní ìbéèrè tó yẹ kí n bi ọ́ ní ọjọ́ náà nìyẹn.